Àgbàlá Tí Wọ́n Fi Koríko Bò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo wọ ilé ìdáná, mo sì bá àbúrò mi Verdell tó ń da ṣúgà sínú gírítì.

Ẹni tí kò bá mọ Verdell lè bèèrè pé kí ló burú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gírítì ni ògì àgbàdo tó ki tí à ń jẹ láàárọ̀ ní Georgia, iyọ̀ àti bọ́tà la sì fi ń jẹ ẹ́ nílé wa. Verdell kórìíra kí ènìyàn fi ṣúgà sí i débi pé ó torí rẹ̀ kọ ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó bá lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kò sí ohun tí kò lè ṣe ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, ó bu ṣíbí kan, ó bu òmíràn lé e, ó ń rò ó lọ́ra lọ́ra, ó sì tẹjú mọ́ abọ́ náà bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Verdell," mo ní, "kí lò ń ṣe yẹn?"

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín náà dùn, kò sì jọ tirẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Ó ṣì gbóná."

Àbúrò mi ni. Èmi ni mo gbé e pọ̀n nígbà tí ìyá wa ń lọ síbi iṣẹ́ òwú. Kò pè mí ní ọmọ rí láyé.

Orúkọ mi ni Ozella Gaither. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú Larkin, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Tolliver, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń ṣàlàyé ju bó ti yẹ lọ. Larkin kò tóbi. Kọ́ọ̀tù wà láàárín ìlú, pẹ̀lú ilé aago funfun lórí rẹ̀. Túbú àtijọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àwọn àlejò ti ń dúró sẹ́yìn irin báyìí láti ya fọ́tò. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kankan kì í dé mọ́. Ìlú wa ò ní ilé iṣẹ́ kankan mọ́; àná rẹ̀ ló ń tà jẹ.

Baba ńlá wa, Ransom Gaither, káfíńtà ni. Òun ló gbé ilé aago orí kọ́ọ̀tù yẹn kọ́, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé wa ní òpópónà Jasper. Orúkọ gbogbo adájọ́ tó jókòó ní kọ́ọ̀tù náà wà lára pátákó irin iwájú rẹ̀. Orúkọ Ransom ò sí níbẹ̀. Ó ń dun Verdell gan-an. Kò lè gba iwájú kọ́ọ̀tù kọjá kó má pòṣé.

Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí koríko hù sínú àgbàlá. Iyanrìn lásán ni, funfun, mímọ́. Nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin ilé á mú ọwọ̀ tí a fi ẹ̀ka igi dì, á gbá ilẹ̀ náà láti géètì títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Á máa fẹ̀yìn rìn bó ti ń gbá a, kí ipasẹ̀ tirẹ̀ má bàa kù sílẹ̀. Ilẹ̀ á wá tẹ́jú bí ojú omi.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ipasẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré ni, láìwọ bàtà. Á ti ìdí igi pẹ́kánì wá, á dé ìtòsí àtẹ̀gùn, á sì yí padà sídìí igi. Kì í kọjá ibẹ̀, kì í sì í jáde ní géètì.

Ẹsẹ̀ Sabra ni. Dorcas ni ìyàwó Ransom, Sabra sì ni àbúrò Dorcas. Lọ́dún tí àjàkálẹ̀ ibà wọ Larkin, Sabra, ọmọdébìnrin tí kò tíì tó ogún ọdún, lọ ń tọ́jú àwọn aláìsàn nísàlẹ̀ ìlú. Nígbà tó padà wálé, Dorcas ní ọmọ tuntun lọ́wọ́. Dorcas ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ó ní kó dúró sábẹ́ igi, òun á máa gbé oúnjẹ wá fún un. Sabra ò jiyàn, ó lọ jókòó. Ìgbà tí wọ́n fi máa débẹ̀ lówùúrọ̀, ara rẹ̀ ti tutù, ipasẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú iyanrìn láti igi dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé igi. Ó ti rìn ín títí tó fi di ọ̀nà.

Dorcas gbá a kúrò. Ní ọjọ́ kejì, ipasẹ̀ náà tún wà níbẹ̀.

Ìyá wa àgbà ló kọ́ wa ní ohun tó wà nídìí rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ yìí wà láìgbá," wọ́n á ní. "Ẹni tí wọ́n lé jáde, tó bá bojú wẹ̀yìn tó rí ipasẹ̀ ara rẹ̀, á rántí pé wọ́n lé òun. Ìtìjú á dá a padà. Tí kò bá rí i, á gbàgbé. Á sì wọlé."

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ń bà wá o. Ohun tí ènìyàn bá bá láyé kì í ṣe é ní kàyéfì. Láràárọ̀ ni Verdell máa ń gbé ife kọfí rẹ̀ jáde sí fàráńdà, á wo ilẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí Sabra. Ẹ ti wá, ẹ ti lọ." Bí ìgbà tí ènìyàn ń kí aládùúgbò ni.

Ìyáàfin Teasley ló dé sínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, obìnrin òyìnbó tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbòmíràn. Ó gbé kéèkì wá, ó jókòó, ó sì sọ fún wa pé ilé wa máa wà lára àwọn tí àlejò máa wò nígbà ìrúwé, àti pé wọ́n máa ri pátákó irin síwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ransom Gaither. Omi lé ròrò sójú Verdell. Ó ní kí Ìyáàfin Teasley tún un sọ.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù," Ìyáàfin Teasley ní, ó ń wo àgbàlá bí ẹni tó ń wo ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣàn. "Ilẹ̀ yìí. Eruku á wọ bàtà àwọn àlejò. A máa tẹ́ koríko sí i, ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan."

"A kì í jẹ́ kí koríko hù síbí," mo ní.

"Mo mọ̀, Miss Gaither." Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Àwọn àgbà yín ò ráyè tọ́jú koríko ni. A ti ráyè báyìí."

Nígbà tó lọ tán, mo ní ká má gbà. Verdell gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Pátákó irin, Àǹtí mi! Orúkọ Baba Ransom, lójú títì, kí gbogbo ayé máa kà á!"

"Sabra ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé! Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ sọ fún Ìyáàfin Teasley pé a ò lè tẹ́ koríko torí òkú máa ń rìn níbẹ̀? Pátákó mìíràn ni wọ́n máa rì síwájú ilé wa: Ibí ni wèrè méjì ń gbé."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn la fi gbà.

Roscoe Mims ló wá tẹ́ ẹ, ẹni tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta, tó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Wọ́n ti ká koríko náà bí ẹní, ó ń tú u sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tísà, ìlú yìí mà pọ̀ o," ó ní. "Tí ajá bá gbé ẹsẹ̀ sókè níbì kan lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á ti ri pátákó síbẹ̀: Ajá ọ̀gágun tọ̀ síbí."

"Roscoe Mims," Verdell ké láti fàráńdà, "pa ẹnu dé kó o tẹ́ ohun tí wọ́n ní kó o tẹ́. Etí rẹ tóbi tó ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ, síbẹ̀ o ò gbọ́ràn."

"Àǹtí Verdell, èébú yín ni mo wá gbà. Koríko kàn jẹ́ àwáwí ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Verdell mú ọwọ̀ rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò sí ohun tó lè gbá. Ó gbé ọwọ̀ náà ti ògiri, ó tún mú un, ó tún gbé e tì.

Láti ọjọ́ náà ni ara ò ti rọ̀ ọ́. Láràárọ̀, á jáde, á wo koríko tútù yẹn, kọfí á tutù sí i lọ́wọ́. Ọ̀dá wà, ìrì kì í sẹ̀, kò sí àmì kankan.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó wá?" ó bi mí.

"Bóyá kò wá mọ́."

"Mi ò kí i láti ìgbà yìí wá. Kò dáa, Àǹtí mi. Ó dà bí ìgbà tá a tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo sì rí i tó bọ́ bàtà rẹ̀ tó bọ́ sórí koríko. Ó tẹ orí ba, ó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ sọnù. Ó ń lọ sídìí igi. Kẹ́tùlù hó. Mo yíjú, mo gbé e kúrò lórí iná, mo tún yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan lórí koríko.

Ilẹ̀kùn dún. Ó ti wà nínú ilé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé igi férémù ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Verdell?"

"Ilé dára," ó ní, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ó móoru."

Ọjọ́ kejì ni mo bá a nídìí ṣúgà.

Mo sọ fún ara mi pé àgbà ló ń dé. Ọpọlọ arúgbó lè yí padà, mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n mi ò rí ara gba ìjókòó. Kò jáde mọ́, kódà kò dé fàráńdà. Ara ògiri tó jìnnà jù sí ilẹ̀kùn ló máa ń fẹ̀yìn tì. Ohunkóhun tó bá dùn, á jẹ ẹ́ tán, á fi ìka nu abọ́. Bí mo bá lọ pa ilẹ̀kùn dé, ọrùn rẹ̀ á le, kò sì ní mí títí tí mo fi máa padà wá jókòó sínú ilé pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí àwọn ilé àtijọ́ dé. Àwọn àlejò ti wo kọ́ọ̀tù, wọ́n ti wo túbú, wọ́n wá tò láti géètì wa dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ri pátákó irin náà. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo wọn ti pé yí Verdell ká nínú yàrá àlejò.

Verdell tí mo mọ̀, bí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan bá àlejò sọ, kò ju pé kó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí gbọ́wọ́ lé pákó ògiri, ó sì sọ nípa ọjọ́ tí Ransom kàn án mọ́ ibẹ̀, bí òjò ṣe dé lójijì, tó fi ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ bo àwọn ìṣó kí wọ́n má bàa dípẹtà. Ó sọ bí òórùn igi páìnì tuntun ṣe kún ilé. Ó kọ orin tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ nígbà tí wọ́n ń fa agogo gòkè kọ́ọ̀tù, orin tí mi ò gbọ́ rí. Àwọn obìnrin kan ń nu ojú.

"Ìwé wo lẹ ti ka gbogbo èyí?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Mi ò mọ̀wé kà," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Verdell máa ń ka ìwé ìròyìn Larkin láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ìpolówó ajílẹ̀.

Ìyáàfin Teasley di ọwọ́ mi mú. "Miss Gaither, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Kò sí ohun àfihàn tó dára tó àbúrò yín ní gbogbo Larkin!"

Roscoe fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí fàráńdà. Kò sí àwàdà lójú rẹ̀.

"Tísà, kí ló ṣe Àǹtí Verdell? Mo kí wọn, wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún mi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bú mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Nígbà tí mo padà wọlé, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọmọbìnrin kan kú sínú àgbàlá yìí nígbà kan. 

"Ó kan ilẹ̀kùn," obìnrin náà dáhùn. "Kò kàn án líle, torí ọmọ tuntun ń sùn. Ó wá gbé iwájú orí tì í, torí orí rẹ̀ ń gbóná, pákó yẹn sì tutù. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí lódìkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà gbé orí ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, ó pẹ́."

Ìyá wa àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Kò sì lè sọ ọ́. Ẹni méjì péré ló lè mọ̀ ọ́n láyé, àwọn tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn náà. Ọ̀kan nínú wọn ti sọ tẹnu rẹ̀ lójú mi, pẹ̀lú ẹnu àbúrò mi.

Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, tí oòrùn ṣì wà lórí ilé aago, mo mú ṣọ́bìrì. Koríko náà ò tíì ta gbòǹgbò. Ó ká bí ẹní. Mo ká a kúrò láàárín igi pẹ́kánì àti àtẹ̀gùn, mo tú iyanrìn abẹ́ rẹ̀, mo mú ọwọ̀, mo sì gbá a bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ń fẹ̀yìn rìn. Aṣọ ojú fèrèsé ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo jáde. Ipasẹ̀ wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ kékeré yẹn. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà ni, ó fẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gìgísẹ̀ òsì sì wọlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo ti fọ ẹsẹ̀ yẹn nínú bàsíà nígbà tí kò gùn ju ìka mi lọ. Mo ti fi òróró pa á lọ́dún tó já bọ́ lórí àkàsọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ṣì í mọ̀. Verdell ti ìdí igi wá, ó dojú kọ ilé, ó dé àárín iyanrìn. Níbẹ̀ ló ti pa ẹsẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ jìn, bí ẹni tó dúró pẹ́ tó ń wo ilé. Lẹ́yìn náà ló yí padà.

Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù.

"Verdell," mo pè é jẹ́jẹ́. Ewé kan ò mì. Láti inú ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ṣíbí tó ń yí nínú abọ́.

Mo wọlé, mo jókòó síwájú rẹ̀.

"Ta ni yín?"

"O mọ̀ mí," ó ní. "Láràárọ̀ ni àbúrò rẹ máa ń kí mi."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

Kò wo ojú mi. "Ó jáde wá wá mi. Mi ò fà á o. Mo ń bọ̀, òun ń lọ, a pàdé lórí koríko. Nígbà tí mo máa mọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ilé sì gbà mí. Ẹnì kan ní láti wà níta ni. Bó ṣe rí látìgbà náà nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Sabra. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní ni."

"Èmi náà, àbúrò kan ṣoṣo tí Dorcas ní ni mí." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tó o bá ní kí n jáde, mà á jáde. Dorcas náà ò fọwọ́ tì mí. Ó kàn sọ ọ́ lẹ́nu ni. Mo máa ń gbọ́ràn."

Ṣé ẹ rí i bó ṣe rọrùn tó? Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín èmi àti ọmọ tí mo gbé pọ̀n. Mo la ẹnu.

"Àǹtí Sabra, ẹ—"

Ó ti dìde kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ti àga rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, kò jẹ́ kó dún. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé mo lè mú aṣọ ìbora dání?" ó bi mí. "Lọ́jọ́sí, mi ò rántí béèrè."

Mo ti lo ìgbésí ayé mi láàárín àwọn ọmọdé. Mo mọ ohùn ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀, tí kò jiyàn, tó kàn ń béèrè ibi tí òun máa dúró sí. 

"Ẹ padà wá jókòó," mo ní. "Oúnjẹ yín á tutù."

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi rìn káàkiri ilé. Mo lọ sójú fèrèsé, mo kúrò níbẹ̀, mo tún padà. Mi ò lè fi Verdell sílẹ̀ níta. Mi ò sì lè ṣe ohun tí Dorcas ṣe. Tí ẹnì kan bá ní láti wà níta, ó ṣẹ́ ku ẹnì kan nínú ilé tí a ò tíì kà: èmi.

Nírọ̀lẹ́, mo yí koríko náà padà sáyè rẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iyanrìn ò fi hàn mọ́, kí Verdell má bàa rí ipasẹ̀ ara rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi lórí àtẹ̀gùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Sabra dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ibo lò ń lọ, ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ pe Verdell wọlé."

Ó yé e. Ó wọ yàrá, ó mú aṣọ ìbora tó nípọn jù wá, ó fi bò mí léjìká, ó sì so ó níwájú ọrùn mi bí a ti ń so ó fún ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Mo bọ́ sórí koríko. Ó tutù, ó rọ̀. Mo dojú kọ igi. Láàárín ọ̀nà, ohun kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi pẹ̀lú òórùn kọfí, ó ń yára bí Verdell tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bojú wẹ̀yìn títí mo fi dé ìdí igi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ti tì.

Verdell ti wà nínú ilé. Mo máa ń rí i lójú fèrèsé, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá Roscoe jà ní géètì, Roscoe sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ìwòsàn. Inú mi dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn gan-an. Níwájú rẹ̀ nídìí tábìlì, obìnrin kan máa ń jókòó tó wọ awò ojú mi, tó sì gbé ojú mi sára. Verdell máa ń bu kọfí fún un. "Àǹtí mi," á ní, "ẹ gbà." Kò tíì fura pé Sabra ni.

Àlejò pọ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ń wá láti Atlanta àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ igi, wọ́n ń ka orúkọ Baba Ransom sókè. Koríko náà ti ta gbòǹgbò. Ó nípọn, kì í gba àmì ẹsẹ̀ kankan, kò sì sí ohun tó dí mi lọ́nà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní sún mọ́ ọn. Bí mo bá wọlé, èwo nínú wọn ló máa jáde? Mo mọ ìdáhùn. Sabra kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jáde. Verdell ló máa ń jáde. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú níhìn-ín, aṣọ ìbora yìí ò sì mú mi móoru mọ́, ènìyàn sì ń gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá orúkọ ìyá mi, ó pẹ́ kí n tó rí i. Lánàá, mo la ojú, mo bá ara mi lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, mi ò sì mọ ìgbà tí mo kúrò lábẹ́ igi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá wo Larkin, tẹ́ ẹ bá ti ka pátákó náà tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká koríko yìí kúrò. Ẹ bá mi gbá ilẹ̀ náà, kí n lè rí ipasẹ̀ ara mi, kí n lè padà sídìí igi. Ẹ má fi falẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́. Verdell ti jáde sí fàráńdà, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tí mo wà.

Ó ti ń bọ́ bàtà.